Ẹ Jẹ́ Kí Àyẹ̀wò Owó Ẹ̀kọ́ Àgbẹ̀ Dé Oko

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè tàbí Báńkì Àgbáyé bá fi owó sílẹ̀ láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ní ọ̀nà tí a fi ń mú irè oko pọ̀ sí i, ìwé méjì ni a máa ń ṣí fún owó náà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó fi owó sílẹ̀, èkejì wà lọ́dọ̀ ìjọba tí ó gbà á. Àwọn ọ́dítọ̀ a máa fi ìwé kan wé èkejì, bí méjèèjì bá sì bá ara mu, wọn a fi ọwọ́ sí i pé ohun gbogbo wà létòlétò. Ìwé kẹta wà tí a kì í sábà béèrè. Èyí ni ìwé tí ó wà lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí a ní a kọ́, àti lọ́dọ̀ olùra irè tí ó gbé ẹrù àgbẹ̀ náà lé orí ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìwé kẹta yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin olùra irè sọ, nítorí ó dá mi lójú pé bí a kò bá ṣí i, ìdajì iṣẹ́ ni gbogbo àyẹ̀wò tí a ń ṣe lórí irú owó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ka irú ìbéèrè yìí sí àìmoore. Wọn yóò ní, ẹni tí ó fún ni ní nǹkan, ṣé a tún ń tọ pinpin rẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ààlà bá yẹ láàárín baba àti ọmọ tí ó bí, mélòómélòó ni láàárín àwa àti àlejò tí ó ti òkè òkun wá? Pẹ̀lúpẹ̀lù, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ọrẹ rárá. Owó tí Báńkì Àgbáyé fi gbé ètò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ kalẹ̀ káàkiri Áfíríkà láti nǹkan bí 1980 lọ jẹ́ owó yíyá ní apá tí ó pọ̀ jù. Ẹ̀dínwó wà lórí èlé rẹ̀, ọdún tí a ó fi san án sì gùn, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà tí a tọwọ́ bọ ìwé ni yóò san èyí tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò san gbèsè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi owó náà rà.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú àyẹ̀wò. Èkíní ni àyẹ̀wò owó. Ọ́dítọ̀ yóò mú ìwé ìṣirò, yóò ṣa díẹ̀ nínú àwọn owó tí a ná, yóò béèrè rìsíìtì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wo ẹni tí ó pàṣẹ ìnáwó àti ẹni tí ó gba owó, yóò ka ọkọ̀ àti alùpùpù tí a rà, yóò sì wo ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tí ó bá ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ kò tí ì jẹ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí. Èkejì ni àyẹ̀wò iṣẹ́, èyí tí ó ń béèrè bóyá ohun tí a torí rẹ̀ ná owó náà ṣẹ tàbí kò ṣẹ. A lè rí rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀ tí a ná láti kọ́ 40 àgbẹ̀, kí orúkọ 40 pé, kí oúnjẹ ọ̀sán 40 pé, síbẹ̀ kí kòkó àwọn 40 náà máa bu bí ó ti ń bu tẹ́lẹ̀. Kò sí owó tí ó sọnù nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé sì mọ́ tónítóní. Ohun tí ó sọnù ni ọdún kan nínú ayé àgbẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ní àríwá wa, fi hàn bí àyẹ̀wò èkíní ṣe ń rí. Ọ̀dá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 tí kò sì dáwọ́ dúró títí di 1973 pa ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn láti Moriténíà dé Ṣáàdì. Ní 1973 àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè náà pa ọwọ́ pọ̀ dá àjọ CILSS sílẹ̀, wọ́n sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Ouagadougou. Ní 1974 wọ́n dá AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà fún gbogbo wọn, tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa òjò, omi àti ìdáàbòbò irúgbìn. Owó ilẹ̀ òkèèrè ya wọ agbègbè náà bí àgbàrá. Nígbà tí ó di 1981, àwọn ọ́dítọ̀ àjọ USAID ti Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú ìròyìn pé, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àjọ náà ń ná owó lé lórí níbẹ̀, ìwé ìṣirò kò tó ohun tí a lè fi ṣe ẹ̀rí. Wọn kò sọ pé a jí gbogbo owó náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé a kò lè fi ìwé hàn bóyá a jí i tàbí a kò jí i. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ẹ̀yin olùra irè sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo akọ̀wé tí ìwé rẹ̀ dàrú ni olè, ṣùgbọ́n inú ìwé tí ó dàrú ni olè máa ń sá pamọ́ sí.

Ní ọdún náà gan-an ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi kún òfin wọn pé a kò gbọdọ̀ fi owó ètò Sàhẹ́lì lé ìjọba kankan lọ́wọ́ láti ná, àyàfi bí olórí àjọ USAID bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba náà ní ètò ìṣirò tí yóò fi hàn bí owó ti wọlé àti bí ó ti jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ètò mìíràn kalẹ̀ láti kọ́ àwọn akọ̀wé owó ní àwọn orílẹ̀-èdè wọnnì. Àwọn ìjọba náà ti jogún ọ̀nà ìṣirò ti Faransé, àwọn ọ́dítọ̀ sì ti inú ọ̀nà mìíràn wá, nítorí náà, kí ẹnì kan tó lè yẹ iṣẹ́ ẹnì kejì wò, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èdè ìṣirò ara wọn. Èmi kò rí àléébù nínú èyí. Ẹ̀kọ́ ìwé owó jẹ́ ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà béèrè: ìwé ni. Kò béèrè bóyá àgbẹ̀ ọkà bàbà kan ní Maradi tàbí ní Mopti mọ ohun kan ní 1981 tí kò mọ̀ ní 1978.

Àyẹ̀wò èkejì, èyí tí í ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́, ni ó ṣòro jù, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù tí mo mọ̀ ti Kẹ́ńyà wá, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ètò tí a yẹ̀ wò níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni ètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Àbẹ̀wò tí Daniel Benor, ọmọ Ísírẹ́lì, gbé dé ọ̀dọ̀ Báńkì Àgbáyé, tí Báńkì náà sì tàn ká orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 láàárín 1975 sí 1998. Ní Nàìjíríà, àwọn ètò ADP tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe kí ó tó kárí gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó gba ọ̀nà yìí wọlé, àwọn àgbà àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí kò sì ní ṣàì rántí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ yóò péjọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn láti gba ẹ̀kọ́ tí ó kan ohun tí iṣẹ́ oko ń béèrè ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò yí àwọn abúlé rẹ̀ ká ní ọjọ́ tí a ti dá, yóò sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí a ti yàn, kí àwọn wọ̀nyí lè kọ́ àwọn aládùúgbò wọn.

Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1982. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá èkíní fún un ní 1983, ó sì fọwọ́ sí èkejì ní 1991. Ní 1993, àwọn onímọ̀ méjì, Bindlish àti Evenson, yẹ èrè rẹ̀ wò, wọ́n sì gbé ìṣirò kan jáde tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: wọ́n ní èrè owó náà tó 278 nínú 100 lọ́dún. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi rò ó wò. Ta ni nínú yín tí ó ra ẹ̀pà tàbí èkùrọ́ rí tí ó jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan? Ẹni tí ó bá sọ ọ́ lójú ọjà, a ó ní kí ó fi ohun tí ó tà hàn wá. Ṣùgbọ́n inú ìwé tí a dì dáadáa ni ìṣirò náà wà, ó sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún àwọn tí ń wá ẹ̀rí pé kí owó yíyá náà máa tẹ̀ síwájú.

Ní 1999, Gautam àti Anderson tún ìwé kan náà ṣí. Wọn kò wá ìwé mìíràn. Ìdáhùn àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n tún àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín agbègbè kan àti èkejì yẹ̀ wò bí ó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tán, èrè ńlá náà fò lọ. Wọn kò sọ pé ètò náà kò mú èrè kankan wá. Wọ́n sọ pé ìwé tí ó wà nílẹ̀ kò lè gbe ohun tí a kọ́ lé e lórí.

Bí èyí ti lè ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ó bá gbé ní oko. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé abúlé kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀dà, ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, òjò rẹ̀ kì í yẹ̀, ọjà sì wà nítòsí rẹ̀. Èkejì wà lẹ́yìn odò, ilẹ̀ rẹ̀ ti gbó, ọkọ̀ kì í sì dé ibẹ̀ nígbà òjò. Ibo ni olùkọ́ àgbẹ̀ tí ó ní alùpùpù kan ṣoṣo yóò máa lọ jù? Bí a bá wá wọn irè abúlé méjèèjì lópin ọdún, tí ti èkíní sì pọ̀ ju ti èkejì lọ, ó rọrùn láti wí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ṣé olùkọ́ ni ó rọ òjò? Ṣé òun ni ó la ọ̀nà? Àyẹ̀wò tí kò bá ya iṣẹ́ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ilẹ̀ àti òjò yóò máa yin ẹni tí kò ṣiṣẹ́, yóò sì máa bú ẹni tí ó ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé abúlé tí ẹ̀kọ́ kò dé pàápàá gbọ́dọ̀ wà nínú àyẹ̀wò, kí ó sì jẹ́ abúlé tí ilẹ̀ àti òjò rẹ̀ jọ ti èyí tí ẹ̀kọ́ dé.

Ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tí ń yẹ iṣẹ́ Báńkì náà wò tún padà sí Kẹ́ńyà, wọ́n sì bi àwọn ìdílé àgbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ yẹ kí ó wọ gbogbo wa létí. Àwọn olùkọ́ a máa lọ sí àwọn agbègbè tí nǹkan ti dára níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn kò yí padà púpọ̀ láti ọdún dé ọdún: àgbàdo àti bí a ti ń gbìn ín ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ń fẹ́ ìmọ̀ràn síwájú sí i lórí ohun mìíràn. Wọ́n fẹ́ ẹ̀kọ́. Wọn kò rí èyí tí wọ́n ń fẹ́. Owó tí a fi ń gbé ètò náà ró lọ́dọọdún sì ju ohun tí ìjọba lè máa san lọ bí owó yíyá bá dáwọ́ dúró. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí ó gba ètò yìí, ohun kan náà ni ojú wọn rí: owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí owó epo tí yóò gbé òṣìṣẹ́ dé oko.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí a yàn náà kò yẹ kí a fò dá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọkùnrin tí ó ti rí jájẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí ó sì mọ bí a ti ń gba àlejò ni a máa ń yàn. A rò pé yóò kọ́ aládùúgbò rẹ̀. Bóyá ó kọ́ wọn, bóyá kò kọ́ wọn. Àwọn ọ́dítọ̀ kà á sí ẹni tí a kọ́, iṣẹ́ sì parí. Obìnrin tí ó ń fọ́ èkùrọ́, tí ó ń sá kòkó, tí ó ń bọ́ ẹ̀pà, ọwọ́ ẹni tí dídára irè wà gan-an, kì í sábà sí nínú ìwé náà. Nígbà tí a bá sì dé ibi tí a ti ń to irè ní ipò-ipò, ọwọ́ rẹ̀ ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ètò yẹn lọ sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ orí oko ni ó rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Indonéṣíà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìrẹsì ní 1989, lábẹ́ àjọ FAO. Ní ti kòkó, IITA darí ètò kan láti 2000 pẹ̀lú owó USAID àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ṣokoléètì, ó sì kárí Kamẹrúùnù, Kóòtù Difúà, Gánà, Làìbéríà àti Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí inú oko ni àgbẹ̀ jókòó sí, ojú ara rẹ̀ ni ó sì fi ń wo kòkòrò àti àrùn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tèmi kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí Feder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ti Indonéṣíà wò, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, wọn kò rí i pé irè àwọn tí ó jáde nínú ẹ̀kọ́ náà, tàbí ti àwọn aládùúgbò wọn, fi ohun tí ó ṣe é kà pọ̀ sí i, tàbí pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò dínkù. Ètò tí a fẹ́ràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mo padà wá sọ́dọ̀ yín báyìí, ẹ̀yin olùra irè, nítorí mo gbà gbọ́ pé ẹ̀rí tí a ń wá kiri wà nínú ilé ẹrù yín. Ẹ̀kọ́ kòkó tí ó gún yóò sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó bo kòkó rẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 6, kí ó sì máa yí i padà, kí ó tó sá a títí omi ara rẹ̀ kò fi ní ju 7.5 nínú 100 lọ. Nígbà tí ẹrù bá dé, ayẹ̀rèwò yóò mú 300 kóró kòkó, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n, yóò sì ka èyí tí ó bu, èyí tí kò gba ìbòmọ́lẹ̀ tó, àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá ju 3 nínú 100 lọ, ipò kìíní ni. Bí èyí tí ó bu kò bá ju 4 lọ, tí èyí tí kò gba ìbòmọ́lẹ̀ tó kò ju 8 lọ, tí ti kòkòrò àti àbùkù yòókù kò sì ju 6 lọ, ipò kejì ni. Ọ̀bẹ yẹn kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kò mọ ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí, kò sì mọ orílẹ̀-èdè tí ó fi owó sílẹ̀. Bí a bá kọ́ abúlé kan ní ọdún yìí, tí kòkó wọn ní ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e kò sì yàtọ̀ sí ti abúlé tí a kò kọ́, ọ̀bẹ ti jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ lórí kòkó nìkan. Ẹ̀pà tí a kò sá gbẹ dáadáa máa ń ní oró àfílátọ́síìnì, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kì í sì í gba èyí tí oró rẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n òfin wọn. Ẹrù tí a dá padà láti èbúté jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, bí a bá lè mọ abúlé tí ó ti wá.

Àwọn kan yóò ta kò mí pé olùra irè kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó mọ́. Òótọ́ ni. Gbogbo wa mọ ohun tí a ti ṣe sí ìwọ̀n ní àwọn ibùdó kan, a sì mọ bí a ti ń pe ipò kìíní ní ipò kejì lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ó tó tún di ipò kìíní lọ́wọ́ ẹni tí ń kó o lọ sí èbúté. Alágbàtà ni í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ó sì lè sọ ẹ̀rí di irọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ọ́dítọ̀ gbé ara lé ìwé kan ṣoṣo. Kí ó mú ìwé olùra irè, kí ó mú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ó mú ti ayẹ̀rèwò, kí ó fi wọ́n wé ara wọn. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a kàn bi àgbẹ̀ léèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà ṣe é ní àǹfààní. A gbọ́dọ̀ bi í, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọlúwàbí kì í sọ fún àlejò tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò dára, pàápàá bí ó bá rò pé omíràn ń bọ̀. Bí ìbéèrè bá sì jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, tí ògbufọ̀ sì jẹ́ olùkọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ni a retí kí àgbẹ̀ sọ? Ògbufọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni kí ọ́dítọ̀ mú lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, kí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní èdè àwọn tí wọ́n bi léèrè, bí a ti ń tẹ ìwé yìí ní èdè púpọ̀, kí wọ́n sì kà á fún wọn ní ọjọ́ ọjà. Àgbẹ̀ tí ó dáhùn ìbéèrè wákàtí méjì ní àkókò ìkórè ti fi iṣẹ́ oko rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó sì tó ẹni tí a ń jábọ̀ fún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn àjèjì nìkan ni mo ń tọ́ka sí. Ní 1962, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker jẹ́ alága rẹ̀ yẹ ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò, ìwé ìgbìmọ̀ tí ń ta irè oko wà lára ohun tí wọ́n ṣí, ibi tí owó àgbẹ̀ gbà lọ sì di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Ojú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ń béèrè àyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣí ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 2025 tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún náà, ọ́fíìsì Olùyẹ̀wò Àgbà tí ń ṣọ́ àjọ USAID jáde pẹ̀lú ìròyìn pé, nítorí bí a ti ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lójijì, kò sí ẹni tí ó lè ṣọ́ owó ìrànlọ́wọ́ tí ó lé ní bílíọ̀nù 8 dọ́là bí ó ti yẹ mọ́. Ní ọjọ́ kejì ni a yọ Olùyẹ̀wò Àgbà náà, Paul Martin, níṣẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje, iṣẹ́ àjọ náà fúnra rẹ̀ ti dópin, ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ó ń gbé ró sì dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà kò kàn wá níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé ọ́dítọ̀ tí a gbójú lé wà ní ilẹ̀ òkèèrè, agbára láti fi í sípò tàbí láti yọ ọ́ kò sì sí lọ́wọ́ wa. Ọ́dítọ̀ Àgbà wà ní Nàìjíríà, ó wà ní Gánà, òfin tí ó ga jù ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ó fi wọ́n síbẹ̀, ìròyìn wọn sì ń lọ sí iwájú àwọn aṣòfin wa. Kí a ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn pẹ̀lú yóò yẹ iṣẹ́ náà wò, tòun ti oko tí a ní a kọ́ ẹni tí ó ni ín, kí wọ́n sì ṣe é nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Àyẹ̀wò tí ó dé lẹ́yìn tí a ti ta àwọn ọkọ̀ ní gbàǹjo kò lè tún ohunkóhun ṣe fún ẹni tí ó wà ní oko.

Láti ìgbà ìkórè tí ń bọ̀, mo bẹ ẹ̀yin olùra irè pé kí ẹ fi ìlà ohun méjì kún ìwé ìra yín: abúlé tí ẹrù ti wá, àti bóyá ẹni tí ó mú un wá tàbí ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ kankan, ọdún tí ó lọ, àti orúkọ ètò náà bí ó bá rántí rẹ̀. Ẹ kọ ipò tí ayẹ̀rèwò fi ẹrù náà sí bí ó ti rí, kì í ṣe bí ẹ ti rà á. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ máa gba ìwé tiyín lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tí omi kò lè wọ̀. Bí ọdún bá sì parí, ẹ jọ̀wọ́, kí olùra irè kankan má ṣe ta ìwé àtijọ́ rẹ̀ fún àwọn tí ń fi ìwé dì gúgúrú àti ẹ̀pà lójú títì. Kí ó so ó pọ̀, kí ó kọ ọdún sí i lára, kí ó gbé e sí orí àjà dè wá.